Fúláàtì Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Láàárín Ìlú Maiduguri: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Wa Mọ̀ Kó Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ ilé la mú wá lónìí. Kì í ṣe ilé ńlá tó ní ọgbà àti géètì, bí kò ṣe fúláàtì kan ṣoṣo tó wà lókè pátápátá nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láàárín ìlú níbi tí òwò ti ń lọ. Òyìnbó ń pè é ní loft. Alágbàtà á ní ó sún mọ́ báńkì, ó sún mọ́ ọjà, fèrèsé rẹ̀ gbòòrò, táìsì ń dán nílẹ̀, àti pé èèyàn á máa rí gbogbo ìlú láti ibẹ̀.

Ó dùn ún gbọ́. Fún oníṣòwò tó ti ń san owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ilé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti bí ogún ọdún, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ìrọ̀rùn gidi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra òkè láìmọ ohun tó so òkè náà mọ́ ilẹ̀ lè san owó ilé tán, kó má ní ju kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn.

Kí ni wọ́n ń pè ní loft?

Yorùbá mọ òkè àjà tipẹ́tipẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn baba wa máa ń kó ẹrù tí wọn kò fẹ́ kó bàjẹ́ sí. Lọ́dọ̀ òyìnbó náà, ibi ìkẹ́rù lókè ilé ni loft jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní New York, àdúgbò SoHo kún fún ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rù. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ń kó kúrò, àwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nínú wọn ní àwọn ọdún 1960, nítorí pé àyè pọ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Àmọ́ ilé iṣẹ́ ni ìwé pe ibẹ̀, kì í ṣe ilé gbígbé. Ó di 1971 kí ìjọba ìlú tó gbà kí àwọn ayàwòrán máa gbé ní SoHo, ó sì di 1982 kí ìpínlẹ̀ New York tó ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Loft Law láti dáàbò bo àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ní Amẹ́ríkà pàápàá, ẹwà ilé kọ́ ló fọkàn ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ balẹ̀, ìwé ni.

Ní Nàìjíríà, Èkó ni òwò fúláàtì olówó ńlá ti gbilẹ̀ jù, ní Ikoyi, Victoria Island àti Eko Atlantic. Maiduguri kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ilẹ̀ tó ní ọgbà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ojú títì tí òwò wà ni èèyàn ti sábà ń rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: àyíká Post Office, Ọjà Monday, Babban Layi àti Ahmadu Bello Way. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀, ọ́fíìsì, ibi ìkẹ́rù tàbí yàrá ló wà lókè. Ẹni tí wọ́n bá pe loft wá fún ní Maiduguri, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tún ṣe ni wọ́n fẹ́ tà fún un. Èyí kì í ṣe ohun búburú, ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn mọ ohun tí òun ń rà.

Ṣé ará Gúúsù lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ilé níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ kò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1907 ni Shehu Borno kó kúrò ní Kukawa wá sí Yerwa, orúkọ tí àwọn Kanuri ń pe Maiduguri. Ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà ní 1964, wọ́n dá Yunifásítì Maiduguri sílẹ̀ ní 1975, ìlú náà sì di olú ìlú ìpínlẹ̀ Borno ní 1976. Òwò, iṣẹ́ rélùwéè, iṣẹ́ tíṣà àti iṣẹ́ ìjọba ló gbé ọ̀pọ̀ ará wa débẹ̀. Nígbà yẹn, òfin ilẹ̀ Àríwá tí wọ́n ṣe ní 1962 pín èèyàn sí méjì. Ọmọ ìbílẹ̀ ni ẹni tí bàbá rẹ̀ wá láti inú ẹ̀yà kan tó jẹ́ ti Àríwá. Ẹlòmíràn tó kù, àjèjì ni lójú òfin náà, ì báà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú wa fi lo gbogbo ayé wọn nínú ilé àyágbé, tí wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti fi kọ́lé.

Òfin ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní oṣù kẹta 1978, Land Use Act, ló yí ìyẹn padà. Ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà, kò sì ya ará Àríwá sọ́tọ̀ kúrò lára ará Gúúsù. Abala 43 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sì sọ ọ́ kedere pé ọmọ Nàìjíríà lè ra ilẹ̀ tàbí ilé níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé "ẹ ò kì í ṣe ọmọ ibí, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ tèmi gba ìwé náà fún yín," ẹ má gbà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni òfin mọ̀.

Ilẹ̀ ló ni òkè

Ibi tí ọ̀rọ̀ fúláàtì ti yàtọ̀ sí ti ilé ilẹ̀ nìyí. Tí ẹ bá ra ilé ilẹ̀, ilẹ̀ àti ilé lẹ rà pọ̀. Tí ẹ bá ra fúláàtì òkè, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tiyín nìkan, ó tiẹ̀ lè má jẹ́ tiyín rárá. Land Use Act kò sì sọ̀rọ̀ nípa fúláàtì. Ilẹ̀ àti ohun tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tí àwọn lọ́yà máa ń ṣe ni pé ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ á fi ìwé fún olùrà ní ẹ̀tọ́ lórí apá òkè yẹn fún iye ọdún kan. Sublease ni wọ́n sábà ń pe ìwé náà.

Ohun mẹ́ta ló ti ibẹ̀ jáde.

Èkíní, ọdún tiyín kò lè gùn ju ọdún ti onílẹ̀ lọ. C of O kì í ṣe títí ayé; ọ̀pọ̀ jẹ́ ọdún 99, àwọn kan kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣàlàyé. C of O ọlọ́dún 99 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1980 á parí ní 2079. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọdún 40 ni wọ́n kọ sí i, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1990, 2030 ló parí yẹn. Ẹ ka ọdún tó kù kẹ́ ẹ tó dúnàá-dúrà.

Èkejì, ìfọwọ́sí gómìnà pọn dandan. Abala 22 sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ gómìnà kò gbọ́dọ̀ tà á, fi yáwó, tàbí yá a fún ẹlòmíràn láìgba ìfọwọ́sí gómìnà. Abala 26 ní ohun tí wọ́n bá ṣe láìtẹ̀lé òfin náà, òfo ni. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òótọ́ ni òfin yìí ń sọ. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe Light Industries, ilé ẹjọ́ náà ṣàlàyé pé èèyàn lè kọ́kọ́ kọ ìwé àdéhùn, kó sì máa wá ìfọwọ́sí náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kíkọ ìwé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí títí ìfọwọ́sí á fi jáde.

Ẹ̀kẹta, tí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ náà láti fi la ọ̀nà tàbí ṣe ohun mìíràn fún aráàlú, abala 28 fún gómìnà ní agbára láti gbà á. Òfin ní kí wọ́n san owó ilé tó wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ìwé ìjọba ni lẹ́tà ìjọba á bá, òun náà ni owó á bá. Tí orúkọ yín kò bá sí níbẹ̀, ojú òpópó lẹ ó ti gbọ́ pé wọ́n ti san owó ilé yín fún ẹlòmíràn.

Àwọn ìwé tí wọ́n lè kó síwájú yín

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ilẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìwé Bulama. Bulama ni olórí àdúgbò ní Borno, ó ṣeé fi wé baálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lawan ló wà lókè rẹ̀. Ìwé títà tí Bulama bá fọwọ́ sí wúlò, torí ẹlẹ́rìí ni, ó sì mọ ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́. Kò yẹ kéèyàn ra ilé láìkí i. Ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí Bulama kì í ṣe ìfọwọ́sí gómìnà.

C of O. Ìwé ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni ní 1990 pé tí ẹni tó gba C of O kò bá ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé náà kò lè fún un ní ohun tí kò ní. Ẹ mú nọ́ńbà C of O lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ìpínlẹ̀, kí lọ́yà yín ṣe ìwádìí níbẹ̀. Ní Borno, àjọ BOGIS ló ń bójú tó àkọsílẹ̀ ilẹ̀ báyìí. Ẹ wò ó bóyá orúkọ olùtà ló wà níbẹ̀, bóyá báńkì kan ń tọ́jú ìwé náà nítorí gbèsè, àti bóyá owó ilẹ̀ ọdọọdún ti wọlé.

Power of attorney. Àwọn kan á ní ẹ má da ara yín láàmú lọ sọ́dọ̀ gómìnà, pé ìwé yìí ti tó. Kò tó o. Àṣẹ láti ṣojú ẹni ni. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara ní 1993 pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í gbé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ilé ogún. Àwa Yorùbá mọ̀ pé ẹnì kan kì í dá ilẹ̀ ẹbí tà. Ní Maiduguri, tí bàbá tó ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá ti kú, tó sì jẹ́ Mùsùlùmí, òfin Ìsìláàmù ló sábà ń pín ogún rẹ̀: àwọn ìyàwó, àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, òbí rẹ̀ tó bá wà láyé, gbogbo wọn ló ní ìpín. Ẹ béèrè ìwé tí ilé ẹjọ́ fi pín in, kẹ́ ẹ sì rí i pé gbogbo àwọn tó ni ín ló fọwọ́ sí títà náà. Ọmọkùnrin àgbà kan tó mú kọ́kọ́rọ́ dání kò tó.

Ilé ẹni tó kó lọ. Lẹ́yìn ìjà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 2009, àti nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde òfin pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa ní oṣù karùn-ún 2013, ọ̀pọ̀ èèyàn kó kúrò ní Maiduguri. Àwọn kan ta ilé wọn ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n sì mú ìwé ilé dání lọ. Tí ilé tí ẹ fẹ́ rà bá ti gba ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹ tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín kó tó di 2009. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kó lọ nígbà yẹn, tí ìwé ilé yín ṣì wà nínú àpótí ní Ọ̀ṣogbo tàbí Ìlọrin, ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ẹ rán lọ́yà lọ wo àkọsílẹ̀ náà.

Ilé fúnra rẹ̀

Lẹ́yìn ìwé, ẹ wo ilé. Àkọ́kọ́, kí ni C of O ní kí wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣe? Tó bá jẹ́ ti òwò nìkan, sísọ òkè ṣọ́ọ̀bù di ilé gbígbé ń fẹ́ àṣẹ àjọ ètò ìlú. Òfin ètò ìlú ti 1992 ka irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tó ń fẹ́ àṣẹ. Ẹ mú ẹnjiníà dání kó wo òpó àti dẹ́kìn. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ibi ìkẹ́rù lè lágbára dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n wá fi àjà kan kún lẹ́yìn náà, ìpìlẹ̀ rẹ̀ lè má gbé e.

Ooru ńkọ́? Ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ooru Maiduguri máa ń kọjá 40°C. Fúláàtì tó wà lábẹ́ páànù tààrà, tí òrùn ń pa láti àárọ̀ dalẹ́, èèyàn lè má lè sùn nínú rẹ̀. Ẹ lọ wò ó ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, ẹ má lọ ní àárọ̀. Ẹ béèrè nípa iná mànàmáná pẹ̀lú. Ní oṣù kìíní 2021, àwọn agbébọn ba òpó iná tó gba Damaturu wá jẹ́, ìlú sì wà nínú òkùnkùn fún oṣù púpọ̀. Bí iná kò bá sí, omi kò ní gun òkè. Níbo ni ẹ ó gbé jẹnẹrétọ̀ sí? Ta ló ni òrùlé tí ẹ ó to sólà sí?

Iná àti omi náà ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì 2023, Ọjà Monday jóná. Ẹni tó bá ń gbé òkè ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń kó sínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, bóyá epo ni, bóyá fóòmù ni. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbájáde kejì. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2024, ìsédò Alau tó wà lórí odò Ngadda ya, omi sì bo apá ńlá nínú ìlú, títí kan Gwange, Lagos Street, Post Office àti ààfin Shehu. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní 1994. Òótọ́ ni pé omi ìsàlẹ̀ lè má dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lókè. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ tí omi ti mu fún ọjọ́ bíi mélòó kan, òkè ló gbé rù. Ẹ wo ìlà omi lára ògiri ìsàlẹ̀, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò ibi tí omi dé.

Ohun tí ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ sọ

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, onílé méjì tàbí mẹ́ta: ìjà kò ní jìnnà síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kò bá ti yé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí lọ́yà yín rí i pé ìwé dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

Ta ló ni àtẹ̀gùn, ṣé ẹ lè gbà á lọ́sàn-án àti lóru, kódà tí wọ́n bá ta ìsàlẹ̀ fún ẹlòmíràn?

Ta ni á tún òrùlé ṣe tó bá ń jò, báwo ni wọ́n á ṣe pín owó rẹ̀?

Ta ló ni kànga, táńkì omi àti ihò ìdọ̀tí?

Ṣé olùtà lè tún kọ́ àjà mìíràn lé orí tiyín?

Ta ni á máa san owó ilẹ̀ ọdọọdún fún ìjọba, báwo lẹ ó sì ṣe máa rí rìsíìtì rẹ̀? Tí onílẹ̀ bá kọ̀ tí kò san án, ẹ̀yin tó wà lókè náà lè fara gbá a.

Owó

Ẹ má kó owó sínú àpò lọ ra ilé. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 lórí owó àìmọ́ sọ pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ san tàbí gba owó tó ju ₦5 mílíọ̀nù lọ lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ₦10 mílíọ̀nù. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba báńkì. Èyí dára fún yín náà, torí àkọsílẹ̀ báńkì máa ń jẹ́rìí nígbà tí ẹlẹ́rìí bá ti gbàgbé. Ẹ san án sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ olùtà, ẹ má san án fún alágbàtà tí wọ́n ń pè ní dílálì. Ó dára kí apá kan wà nílẹ̀ tí ẹ kò ní san títí ìfọwọ́sí gómìnà á fi jáde, kí ìyẹn sì wà nínú ìwé. Ẹ tún fi owó lọ́yà, owó ọ̀ǹtẹ̀ ìjọba, owó ìfọwọ́sí àti owó ìforúkọsílẹ̀ kún ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé ká rà á, àbí ká máa yá a?

Àgbà tó bá gbé ní Ghana á rántí ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, tí ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ta ọjà àti ilé wọn ní ìkánjú, owó tí wọ́n gbà kò sì tó nǹkan. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń kọ́ ọmọ wọn pé kò sí ilé lájò. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Àjò kò dùn kí onílé má relé.

Ṣùgbọ́n Maiduguri kì í ṣe Ghana. Ọmọ Nàìjíríà ni wá níbẹ̀, òfin sì ti fún wa ní ohun tí kò fún àwọn tó ṣáájú wa. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: tí ọ̀ràn bá dé, tí a ní láti jìnnà sí ilé náà fún ọdún márùn-ún, ṣé ìwé tí a ní lè dúró fún wa nígbà tí a kò sí níbẹ̀? Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rà á, kẹ́ ẹ gbádùn rẹ̀. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sàn kẹ́ ẹ máa yá a lọ́dọọdún, bó ti wù kí fèrèsé rẹ̀ gbòòrò tó.

Tí ẹ bá sì rà á, ẹ fi orúkọ ìyàwó tàbí ọkọ yín sí ìwé tí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe ìwé ìhágún, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé ilé kan pamọ́ sílé, ọ̀kan sí báńkì tàbí lọ́dọ̀ lọ́yà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ibi tó wà. Ilé tí ọmọ kò mọ ibi tí ìwé rẹ̀ wà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni yóò jẹ́ tirẹ̀.